Ẹran Ni Mo Wá Wò

Ẹ fa àga yín sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Kí ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu wú u tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí okùn ọ̀rọ̀ yìí bá já mọ́ mi lẹ́nu lónìí, n kò mọ̀ bóyá n ó lè so ó padà. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ògúnṣuyì, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó gbàgbé koríko sẹ́nu, ọdẹ tó wọ igbó tí ẹkùn bímọ sí, tí ẹkùn sì sìn jáde dé ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni ń sin àna rẹ̀. Mo ti sọ ìtàn púpọ̀ fún yín nídìí igi yìí, mo sì mọ̀ pé bí ẹ bá dé ilé ẹ máa ń yọ ìdajì kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Kò burú. Ọdẹ tí kò bá bu iyọ̀ sí ìtàn, ìtàn rẹ̀ kì í dùn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, nítorí iyọ̀ tí mo bù sí ibi tí kò yẹ ló fa gbogbo rẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ wo ìyàwó mi Àyọ̀ká tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri níbẹ̀ yẹn, tó ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ wo bí ìka rẹ̀ ṣe ń yára, kò sì wo inú àtẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ojú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ní ó dà bí ẹni pé ẹnìkan dúró sẹ́yìn òun, tó ń rọra ti fèrèsé láti ọ̀tún àti láti òsì. Bí ó bá ń rìn lọ, a fi èjìká kọlu òpó ilé tó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. A lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wo ojú náà títí, ó tan iná sí i, ó fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sí i, ó sì bá wa sọ òótọ́: èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ ti lọ, ìyókù náà sì ń palẹ̀ mọ́. Mo rò pé yóò sunkún nígbà tí a jáde. Kò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, ó sì pè mí ní orúkọ àkọ́bí wa bí ó ti máa ń pè mí.

“Bàbá Ìbísànmí, láti ìgbà tí o ti fẹ́ mi, ẹran wo ni mo rí?”

“Ẹran wo ni o kò rí?” Mo ta gìrì. “Ìyàwó Ọdẹ́gbàmí! Ìgalà ni, ẹtu ni, ìmàdò ni, òòrẹ̀ ni…”

“Òkú ni gbogbo wọn. Mo mọ bí ẹtu ṣe ń rí nínú àpò ọdẹ. Mo mọ bí ìgalà ṣe ń rí tí mo bá ń fi èéfín yan án. Ìwọ á wọlé, o ó sọ bí ó ṣe na etí, bí ó ṣe fò, bí ó ṣe dúró tó wo ẹ̀yìn. Èmi á máa fi ọ̀bẹ ha irun rẹ̀ dànù. N kò rí ẹyọ kan rí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Kí fèrèsé yìí tó tì, mú mi lọ wo ẹran tó wà láàyè.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbọn kò bà mí rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà mí. Ọ̀rọ̀ òótọ́ ni. Mo gbé ẹran wọlé fún obìnrin yìí láti ìgbà èwe wa, n kò sì gbé ìrìn ẹran kan wọlé fún un rí. Mo búra fún un níbẹ̀ pé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, yóò rí erin tó ń mi etí.

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ ètò. Ẹni tí kò bá rí mi nígbà náà kò rí ọ̀gágun tó ń múra ogun. Igbó ọba kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀báòkun, ibi tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn, tí wọ́n sì lànà yí i ká kí ènìyàn lè wa ọkọ̀ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó máa wo ẹran láti ojú fèrèsé. Mo ní mọ́tò Pijó tí àbúrò mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí mo sọ ní Akọ Ìgalà nítorí bí ó ṣe máa ń fò bí ó bá fẹ́ gbéra. Àwọn kan nínú yín tó jókòó síbí yìí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́ ọkọ̀ wíwà pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun. Mo rí yín, mo kàn ń wojú yín ni. Mo wádìí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ẹja tó ń ti etí òkun bọ̀. Wọ́n ní kí n má lọ ní ìgbà òjò, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ á di ẹrẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ mì. Wọ́n ní ibì kan wà tí ọ̀nà gba orí yanrìn lẹ́bàá òkun gan-an, pé ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn ni kí n gba ibẹ̀, kí n sì dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ kí ó lè tẹ́ lórí yanrìn bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Mo wá pákó méjì tí n ó tẹ́ sábẹ́ táyà bí ó bá rì. Mo ra kéègì epo bẹntiróò, mo ra ti omi, mo wá ṣọ́bìrì. Mo fi èédú ya ọ̀nà náà sára ògiri ẹ̀yìn ilé, Àyọ̀ká a sì fi imú kan ògiri kí ó tó lè rí i.

“Níbo ni a ó ti jẹun?” ó bi mí.

“À ń lọ wo erin, oúnjẹ lo ń bèèrè.”

“Erin tìrẹ ti jẹun kí ó tó jáde. Fi èédú ya ibi oúnjẹ sí i.”

Mo ya á sí i. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fín lọ́fíńdà, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ pupa, bàtà tó ń dún kò sí níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn dára, ẹnikẹ́ni tó mọ igbó á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fi òfin kan lé e tó jẹ́ òfin ọdẹ. Mo ní, “Ẹnu kan là á fi ń bá ará igbó sọ̀rọ̀. Bí a bá pàdé ohunkóhun tó bá fọhùn, èmi nìkan ni n ó dáhùn.” Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni. Bàbá mi ló fi kọ́ mi, kí àwọn ọdẹ méjì má baà ta ko ara wọn níwájú àjèjì. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyàwó mi. Bí ẹ bá ní kí ó dákẹ́, á bi yín ní ìdí tí ẹ fi ní kí ó dákẹ́. Mo wá bu iyọ̀ sí òfin bàbá mi. Mo ní, “Bí ẹnu kejì bá dá sí i, ẹni tó ni ẹnu kejì, ibẹ̀ ni yóò kù sí títí láé.”

Ó wò mí pẹ̀lú ojú tó kù díẹ̀ yẹn. “Títí láé?”

“Títí láé.”

“Ó dáa,” ni ó wí. Èmi sì ń yọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ta.

A dé Ẹ̀báòkun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ibodè, ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Orímisàn, kí wa tayọ̀tayọ̀, ó yẹ inú ọkọ̀ wò bóyá ìbọn wà níbẹ̀, ó sì ní, “Bàbá, òkúta tí a kùn ní funfun ni kí ẹ máa tẹ̀ lé o. Ẹ má yà. Ibi tí òkúta funfun kò bá sí, ọ̀nà kò sí níbẹ̀.” Mo ní mo ti gbọ́. Èmi tí mo ti fi òkùnkùn rìn nínú igbó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkúta ni yóò wá máa fi ọ̀nà hàn mí!

A wa ọkọ̀ títí oòrùn fi mú. À ń gbọ́ òkun lápá òsì tó ń mí bí àgbàlagbà tó sùn. Kí la rí? Lékèélékèé. A tún rí lékèélékèé mìíràn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sá kọjá, ṣùgbọ́n kí n tó tọ́ka sí i fún Àyọ̀ká, ó ti lọ. “Níbo?” ni ó ń wí, “níbo?” tó ń yí orí kiri bí adìyẹ, nítorí fèrèsé ojú rẹ̀ ti kéré débi pé àfi kí ó fi orí wá nǹkan kí ojú tó bá a. Ó fún mi ní awò tí í fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni, èyí tí a yá lọ́wọ́ olùkọ́ ilé-ìwé, ó ní kí n mú un, pé òun kò rí ohun tí yóò fà sún mọ́. Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi ro ìyà tí mo ti jẹ lórí ètò yìí, ẹran kò sì sí rárá láti fún ẹnìkan. Ìgbà náà ni mo rí ojú ẹsẹ̀ erin, ó tutù, ó fẹ̀ bí àtẹ, ó yà kúrò lójú ọ̀nà wọ àárín àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn dúró sórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Kò sí òkúta funfun níbẹ̀. Mo yí ọkọ̀ síbẹ̀.

A kò tíì lọ jìnnà tí Akọ Ìgalà fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan jókòó sáàárín ọ̀nà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí iwin olórí méjì, mo ti rí ọ̀rọ̀ tó ń fi igi ìrókò ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Ara rẹ̀ dà bí èèpo igi, iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ ọn lára. Orí rẹ̀ dán borokoto, kò sí ojú níbẹ̀, imú àti ẹnu nìkan ló wà. Eékún rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ òsì, wọ́n tóbi, wọ́n mọ́ bí omi ìsun. Bí ó bá fẹ́ wo nǹkan, a fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìbàǹtẹ́ rẹ̀ sókè. Ìkòkò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fi ewé bò. Bí ó ti gbé ìbàǹtẹ́ sókè tí eékún méjèèjì tẹjú mọ́ wa, Àyọ̀ká di apá mi mú. Mo ní, “Má bẹ̀rù. Rántí òfin.” Mo sọ̀ kalẹ̀.

“Ta ni ọ́ tó fi ara dí ọ̀nà mọ́ Ọdẹ́gbàmí?” Báyìí ni mo kí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi: bí o bá kọ́kọ́ tẹríba fún ará igbó, á ní kí o máa bá òun pọnmi.

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi ni Oníwò. Èmi ni mo ń wò níhìn-ín. Ẹran wo nìyí tí o mú wọ ilẹ̀ mi?” Ọkọ̀ ni ó ń tọ́ka sí.

“Akọ Ìgalà ni.”

“Kí ló ń jẹ?”

“Kì í jẹ, mímu ló ń mu.”

“Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?”

“Mẹ́rin, ó sì gbé ìkarùn-ún sẹ́yìn kí ọ̀kan má baà dá a lóró.”

“Ta ló pa á?”

“Kò tíì kú.”

“Bí kò bá tíì kú, báwo ni obìnrin yẹn ṣe jókòó sínú ikùn rẹ̀?”

Mo gbá àyà mi. “Ìwọ Oníwò, ìyá tó bí ọ, ṣé ó ti kú nígbà tí o jókòó sínú ikùn tirẹ̀ ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé eékún rẹ̀ méjèèjì ń da omi. Ẹ wò mí dáadáa, bí mo ṣe rí yìí, mo pa ará igbó lẹ́rìn-ín títí orúnkún rẹ̀ fi sunkún! Ìgbéraga wọ̀ mí lórí láti ìgbà náà, mo sì rò pé kò sí ohun tí ó lè bi mí tí yóò dí mi lọ́nà. Nígbà tí ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní, “Àlọ́ kan ló kù. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o ó gba ohun kan lọ́wọ́ mi. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ẹran rẹ tó ń mu epo yìí di tèmi. Ilé kékeré kan: òkun wọ̀ ọ́, kò kún; igbó wọ̀ ọ́, kò kún; àjànàkú wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì gbòòrò ju èékánná lọ.”

N kò jẹ́ kí ó pa ẹnu dé. “Ojú ni!”

“Ojú ni,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó rọ̀, ó dà bí ohùn ẹni tó fẹ́ fúnni ní nǹkan. Ó gbé ìbàǹtẹ́ rẹ̀ sókè sí i, kì í ṣe èmi ni ó ń wò mọ́, inú ọkọ̀ ni ó ń wò. “Ohun méjì ni mo ń wò níhìn-ín. Bí o bá mú ọ̀kan, èkejì á lọ.” Ó na ọwọ́ kan sí igbó. “Ẹran ni ẹ fẹ́ wò ni,” ó sì gbé ọwọ́ kejì lé ewé tó wà lórí ìkòkò, “àbí ojú?”

Ẹ má sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ̀yìn yín fara ti ibi tó rọ̀, etí yín sì mọ́. Ẹ kò rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí létí ẹni tí orí rẹ̀ ti wú. Àyọ̀ká yọ ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó fa etí agbádá ọdẹ mi. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Ojú kẹ̀?” Mo fi ọwọ́ sí ìbàdí. “Ọdẹ́gbàmí kì í wojú ẹnikẹ́ni! N kò wojú ẹkùn, n kò wojú ọba, n kò ní torí àlọ́ kan wá máa wojú rẹ. Ẹran ni mo wá wò!”

“Ojú kò sí ní wíwò fún yín?”

Àyọ̀ká tún fà mí. Ó fà mí tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ fi ya díẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó fà mí.

“Kò sí. Ẹran!”

“Ẹran náà nìyẹn,” ni Oníwò wí. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ sórí yanrìn. Yanrìn mu ún. Kí n tó ṣẹ́jú, kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, Akọ Ìgalà sì ti ń kùn fúnra rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e, n kò lè sọ ọ́ tán bí a bá sùn síbí. Igbó ṣí. Ẹtu ni ó kọ́kọ́ jáde, ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ó má jí ọmọ tó sùn. Ìgalà tẹ̀ lé e, akọ àti abo, wọ́n dúró lẹ́bàá ọkọ̀ débi pé mo rí ẹ̀fọn tó bà lé ìpéǹpéjú èyí tó sún mọ́ wa. Túrùkù pupa wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ onílà. Ẹdun ń fò lókè, ìrù wọn funfun. Àwọn ìjàpá òkun tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ń wọ́ ara wọn jáde nínú omi. Wọn kò bẹ̀rù wa. Ẹran kankan kò sá. Ọwọ́ mi ń wá ìbọn láìjẹ́ pé mo rán an. Àyọ̀ká kò yí orí kiri mọ́. Kò bi mí ní “níbo” mọ́. Ibi gbogbo tí ojú rẹ̀ kékeré yẹn bá bọ́ sí, ẹran wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò nù ún, nítorí ẹni tó ń nu ojú kò lè ríran lákòókò náà.

Nígbà tí a dé orí yanrìn etí òkun, erin dúró síbẹ̀, abiyamọ, ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá “mo rí nǹkan fìrí”. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Kí Àyọ̀ká kàn rí i kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo fẹ́ kí ó ka ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo sún ọkọ̀ mọ́ ọn. Erin na etí méjèèjì, ilẹ̀ sì mì. Ó ń bọ̀! Mo fẹ́ yí padà, táyà rì, ó ń yí lójú kan, ó ń fọ́n yanrìn. Òkun tó ti fà sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, ìfófòó rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pákó, mo kígbe pé kí Àyọ̀ká bọ́ sí ìdí ọkọ̀.

“Èmi? Tí n kò ríran!”

“Ta ní kí o ríran? Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ irin ìsàlẹ̀ yẹn, má ṣíwọ́!”

Ó tẹ̀ ẹ́. Akọ Ìgalà fò bí orúkọ rẹ̀. Mo rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nínú omi, ìyàwó mi ń wa ọkọ̀ lọ tààrà sínú ayé tí kò rí, ó ń kígbe orúkọ gbogbo àwọn bàbá mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, erin ti dúró. Ó wò wá pẹ́, ó sì yí padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Mo wọ inú ọkọ̀, mo gba ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ Àyọ̀ká, a kò sì dúró àfi ní ibi oúnjẹ tí ó ní kí n fi èédú yà, lẹ́yìn tí a ti jáde nínú igbó, a sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí ìhà fi ń dùn wá. Mo rò pé ọjọ́ ayọ̀ mi nìyẹn. Ó po gààrí fún mi, ó gbé ẹja lé e. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Ta ní kí o má sọ̀rọ̀?”

“Ìwọ ni. Dókítà tí a lọ bá, kí ló ṣe sí ojú mi?”

“Ó wò ó.”

“Ó wò ó, kò sàn. Bàbá tó gbé ìkòkò dání yẹn, kí ló ní kí a pe òun?”

“Oníwò,” ni mo wí, ó sì ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Mo gbé abọ́ gààrí sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú ni ó fẹ́ wò. Ojú aya mi ni Oníwò fẹ́ wò fún wa, ó gbé omi rẹ̀ dání, ó bi mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún bi mí, èmi sì dúró níwájú rẹ̀ tí mo ń sọ pé n kì í wojú ẹnikẹ́ni.

“Kí ló dé tí o kò fọhùn?” Mo kígbe mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀.

“O ní ẹnu kejì yóò kù síbẹ̀ títí láé. Mo rò ó, Bàbá Ìbísànmí. Mo ní, bí mo bá kù síbẹ̀ pẹ̀lú ojú tó mọ́, ta ni n ó máa fi wò?”

Mo sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀, lórí gààrí, pé bàbá mi kò sọ bẹ́ẹ̀, pé èmi ni mo fi kún un kí ó má baà yọ mí lẹ́nu. Kò bínú. Ìbá bínú, ìbá sàn fún mi. Mo yí ọkọ̀ padà, mo sáré lọ sí ibodè, mo wá ibi tí a ti yà. Orímisàn tẹ̀ lé mi, ó ní igi etí omi nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ rí. Mo wọ inú omi dé ìbàdí. Mo ń kígbe pé, “Ojú ni! Oníwò, ojú ni mo wá wò!” Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn lékèélékèé fò dìde, wọ́n sì bà síbòmíràn.

Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, fèrèsé ti tì. Mo ti padà síbẹ̀ láìmọye ìgbà, mo mọ gbogbo òkúta funfun tó wà lójú ọ̀nà yẹn lórúkọ. N kò rí eékún kankan tó wò mí. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé kí n gbà á bí àyànmọ́. N kò gbà á. Àyànmọ́ kọ́ ló ní kí n gbọn ọwọ́ tó fa aṣọ mi dànù, èmi ni. Ẹ wo etí agbádá náà, ó ṣì ya síbẹ̀, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó nílé, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ẹnu yín nìkan máa ró, bí ẹnìkan bá fà yín láṣọ, ẹ dúró, ẹ bi í ní ohun tó rí. Nínú ilé tèmi, òun ló ń dáhùn fún wa báyìí. Bí àlejò bá bi wá ní ohun tí a fẹ́ mu, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìtàn mi tán; bí mo bá purọ́ sínú rẹ̀, ẹlẹ́rìí mi jókòó síbẹ̀ yẹn. Àyọ̀ká, ẹnu tìrẹ ló kù. Wí fún wọn. Bí nǹkan kan bá wà tí mo bù sí i, sọ ọ́.

Ẹ gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má dá a lóhùn jàre,” ni ó wí, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀gúsí. “Irọ́ ló pa. Erin yẹn tóbi ju bí ó ṣe sọ ọ́ lọ.”